Ìwé Àjẹsára: Òṣogbo àti Houston

Àbúrò mi fi ohùn ránṣẹ́ láti Òkè-Bàálẹ̀ l'Óṣogbo sí mi ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas l'Amẹ́ríkà: "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí kọ̀ǹpútà ló ń ṣe gbogbo nǹkan lọ́dọ̀ yín? Kí lẹ tún ń wá káàdì abẹ́rẹ́ ọmọ fún?" Ọ̀rọ̀ náà ta mí lára.

Ti iná àti títì ọ̀dọ̀ wa níbí, àwọn ará ilé ti gbọ́ ọ sú. Ti abẹ́rẹ́ ni wọn ò mọ̀.

L'Óṣogbo, káàdì ni ẹ̀rí. Ìyá á fi ọ̀rá wé e, á kó o sísàlẹ̀ àpótí. Bí òjò bá bà á jẹ́, ìwé ńlá ilé ìwòsàn ló kù, ta ló fẹ́ tú u? Àṣírí ńkọ́? Nọ́ọ̀sì á ké orúkọ ọmọ, gbogbo ìyá tó wà lórí bẹ́ǹṣì á sì mọ ẹni tó pẹ́ kó tó gbé tirẹ̀ wá.

Kò sí àkọsílẹ̀ abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo fún gbogbo Amẹ́ríkà. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. ImmTrac2 ni ti Texas. Bí òbí ò bá fọwọ́ síwèé, wọn ò ní tọ́jú ti ọmọ síbẹ̀. Bí ọmọ bá pé ọdún 18, òun fúnra rẹ̀ ni yóò tún fọwọ́ sí i. Bí kò bá ṣe é títí ó fi pé 26, wọ́n á yọ ọ́ kúrò. Dókítà, ilé ìwé àti òṣìṣẹ́ ìlera tó láṣẹ ló ń rí i, kì í ṣe aládùúgbò. Bí a bá sì pààrọ̀ ilé ìwòsàn, wọn ò ní gún ọmọ lẹ́ẹ̀mejì.

Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ò mọ abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún l'Óṣogbo, àfi kí ẹnìkan wo káàdì kó tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ilé ìwé tún ní abẹ́rẹ́ èèyi tí ọmọ mi gbà ní oṣù mẹ́sàn-án ò kà, nítorí ẹ̀yìn ọjọ́ ìbí àkọ́kọ́ ni Texas ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Inú bí mi o! Àfìgbà tí èèyi jà lọ́dún 2025, láti àgbègbè Gaines ní Texas níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ò ti gbabẹ́rẹ́: ènìyàn 762 ló mú, ọmọ iléèwé méjì tí kò gbabẹ́rẹ́ sì kú. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni àkọsílẹ̀ ń wúlò, kí nọ́ọ̀sì lè mọ ilé tí yóò kọ́kọ́ pè.

Àwọn ará ilé ní mo ti di òyìnbó. Lóòótọ́, lọ́jọ́ Sátidé tí kò sí òde tí mo fẹ́ lọ, ilé yìí máa ń dákẹ́ jù. Ṣùgbọ́n nílé, gbogbo àdúgbò ti mọ̀ pé mo lóyún kí n tó sọ fún ìyá mi. Níbí, wọ́n bi mí kí wọ́n tó kọ orúkọ ọmọ mi sílẹ̀. Mi ò tíì ń bọ̀ nílé.