Kí Oúnjẹ Ìkórè Má Bàa Jẹrà Sí Yàrá Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Pípín In

Ní Sáńdè Ìkórè, iwájú pẹpẹ máa ń kún. Iṣu á tò bí igi ìdáná, odidi ọ̀gẹ̀dẹ̀ á fara ti òpó, àpò ìrẹsì àti kẹ́ẹ̀gì epo á tò tẹ̀ lé e, adìẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀ á sì máa ké mọ́ àlùfáà lẹ́nu. Ẹ wá wo yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ní ọ̀sẹ̀ kejì. Tòmátì ti di omi, iṣu ti ń rà látorí, eku ti dá ihò sí àpò gààrí. Kì í ṣe pé ìjọ ya ahun. Gbogbo ènìyàn ló gbé nǹkan wá tìjó tayọ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó ti sọ iye ilé tí oúnjẹ yẹn máa dé, ẹni tó máa gbé e lọ, àti ọjọ́ tó máa gbé e. Iṣẹ́ yẹn ni mo ń bá wọn ṣe. Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni mo kọ sísàlẹ̀ yìí, fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn sí ìgbìmọ̀ ìrànwọ́, àti fún ẹni tó fẹ́ máa ṣe é láti ilé tirẹ̀ láìsí ìgbìmọ̀ kankan.

Orúkọ ni kó kọ́kọ́ wà nílẹ̀, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú Ìkórè. Ibẹ̀ gan-an ló sì ti máa ń le jù, torí Yorùbá kì í jẹ́wọ́ ebi. Béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà kan pé, "Ẹ kú ilé o, mà. Ṣé àlàáfíà lẹ wà?" "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run" ló máa fi dá ọ lóhùn, ì báà jẹ́ omi gbígbóná ló mu sùn lánàá. Kò parọ́ o. Ọpẹ́ tòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìdáhùn yẹn kò lè sọ ohun tó wà nínú ìkòkò. Nítorí náà, ẹ gba ẹ̀gbẹ́ béèrè: "Mà, kí la fẹ́ sè lálẹ́ òní?" "Gáàsì yẹn ṣì kù àbí ó ti tán?" "Ta ló bá yín ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lóṣù yìí?" Èèyàn tó bá ní oúnjẹ nílé á dárúkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tí kò ní á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Ojú tún ń ríran. Ẹni tí kì í wá ní Sáńdè ìdúpẹ́, tó sì máa ń wá ní àwọn Sáńdè yòókù, kò ṣọ̀lẹ. Owó tó máa mú jó lọ síwájú ni kò ní. Ẹni tó máa ń dìde lọ síta nígbà tí igbá ọrẹ bá ń bọ̀, ẹ má pè é ní aláìbọ̀wọ̀fún-Ọlọ́run. Ọmọ tó wà nílé ní ọjọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní ìyàrá ẹ̀kọ́, owó ilé-ìwé ni. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ má sì kà á sókè ní ìpàdé.

Àṣìṣe tí mo rí jù ni pé a máa ń fi ìwé orúkọ ẹgbẹ́ ṣe ìwé orúkọ ìpín. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá mú orúkọ tiwọn wá, ẹgbẹ́ akọrin mú tiwọn, a lù ú pọ̀, ó parí. Ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan ńkọ́? Ọlọ́dẹ ṣọ́ọ̀ṣì, aláìsàn tí kò lè jáde mọ́, obìnrin tó kó dé àdúgbò lọ́dún yìí tó sì máa ń jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ẹni tí Yorùbá kò já gaara lẹ́nu rẹ̀? Nínú Ìṣe Àwọn Àpósítélì orí 6, irú nǹkan yìí ló dá kíkùn sílẹ̀: opó àwọn tó ń sọ èdè Gíríìkì ni wọ́n ń gbójú fò nínú ìpín ojoojúmọ́. Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe. Wọ́n yan ọkùnrin méje, orúkọ Gíríìkì sì ni orúkọ àwọn méjèèje. Lójú tèmi, ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju èyí tí a máa ń wàásù lọ. Ẹ fi ọlọ́dẹ náà sínú ìgbìmọ̀. Ó mọ ẹni tó ń rìn wá láti ọ̀nà jíjìn torí pé kò ní owó ọkọ̀.

Ó yá, ìṣirò. Ká ní àpò ìrẹsì oníkílò 50 méjì ló wà nílẹ̀, ilé 20 ló sì wà nínú ìwé. Kóńgò kan, tí a bá fi igi pẹlẹbẹ gé ojú rẹ̀, ń gbé nǹkan bíi kílò kan ààbọ̀ ìrẹsì. Àpò kan á tipa bẹ́ẹ̀ mú nǹkan bíi kóńgò 33 jáde, méjì á jẹ́ 66. Kóńgò mẹ́ta fún ilé kọ̀ọ̀kan jẹ́ 60. Mẹ́fà tó kù, ẹ má pín in. Ẹ dì í, ẹ gbé e sókè níbi tí eku kò lè dé. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì ń bọ̀.

Níbi tó ti máa ń bàjẹ́ ni ọwọ́ ẹni tó ń wọ̀n ọ́n. Ojú àánú á mú un kó ìrẹsì ilé mẹ́wàá àkọ́kọ́ ní òkè téńté bíi ti ìyá ọlọ́jà tó ń wá oníbàárà. Kí ó tó dé ilé kẹtàdínlógún, ìsàlẹ̀ àpò ti hàn, àwọn tó kù á wá gba ohun tí wọ́n gbá jọ. Èyí ló ń dá ẹ̀sùn olè sílẹ̀ láàárín àwọn tí kò jí nǹkan kan. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó wọn gbogbo rẹ̀, kóńgò kan ṣoṣo ni kó lò, kí ó sì máa gé ojú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ yí kóńgò yẹn wò ní ìdí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: èyí tí wọ́n ti tẹ ìdí rẹ̀ wọnú kì í gbé tó bó ṣe yẹ.

Kẹ́ẹ̀gì epo pupa oní-lítà 25 máa kún ìgò oní-75cl 33. Tí ọyẹ́ bá ti ń mú, epo á dì, ìgò kan á gba èyí tó ṣàn, òmíràn á gba gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì sí oòrùn títí á fi yọ́, kí ẹ mì í dáadáa, kí ẹ tó dà á. Gààrí ńkọ́? Ẹ ti ọwọ́ bọ àárín àpò, ẹ má wo òkè nìkan. Tó bá tutù lọ́wọ́, ẹ tẹ́ ẹ sí orí ọ̀rá tó mọ́ kí ó gbẹ; bí ẹ bá so ó pa nínú ọ̀rá bẹ́ẹ̀, ó ti hu funfun kí ọ̀sẹ̀ tó yí po.

Ti ẹ̀wà ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, torí ó máa ń dà bíi pé oúnjẹ gidi ni a fún èèyàn, kó sì jẹ́ ìyọnu la gbé fún un. Ẹ̀wà tó ti pẹ́ nínú àpò kì í tètè jinná. Ìyá tó ń lo sítóòfù oníkẹrosíìnì kan á fi kẹrosíìnì tó yẹ kó lò fún ọjọ́ mẹ́ta se ìkòkò ẹ̀wà kan. Ẹ se ife kan nílé yín kí ẹ tó pín in, ẹ wo aago. Tó bá ti ń pẹ́ jù, ẹ fi owó gáàsì tàbí kẹrosíìnì mọ́ ọn, kí ẹ sì ní kí wọ́n rẹ ẹ́ mọ́jú. Ẹ̀bùn tí ẹni tó gbà á kò lè gbé kaná, ìdajì ẹ̀bùn ni.

Ẹ tún béèrè àìsàn kí ẹ tó di ẹrù. Fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ẹ dín ìrẹsì kù, ẹ fi ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti ẹja gbígbẹ rọ́pò rẹ̀. Bàbá tí eyín ti tán lẹ́nu rẹ̀ kò fẹ́ àgbàdo gbígbẹ. Adìẹ ààyè kì í ṣe fún ẹni tó ń gbé yàrá kan ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Iṣu tí ọkọ́ ti ṣá, tòmátì, ẹ̀fọ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kò gbọdọ̀ sun ṣọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́ Ìkórè gan-an ni kí wọ́n kúrò níbẹ̀.

Nǹkan tó bá ṣòro láti pín, ẹ tà á ní gbàǹjo, kí ẹ fi owó rẹ̀ ra ohun tí wọ́n nílò. Àmọ́ gbàǹjo yẹn náà, mo ní ẹ̀hónú tèmi. Ìlù á dún, wọ́n á máa ki èèyàn ní oríkì, èèyàn á na ọwọ́ sí iṣu kan ní iye tó lè ra òkìtì iṣu, kó tó dé ilé, ó ti kábàámọ̀. Oṣù mẹ́ta, kò san án, kò sì wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ torí ìtìjú. Pọ́ọ̀lù sọ ọ́ ní Kọ́ríńtì Kejì 8:12 pé ohun tí èèyàn ní ni Ọlọ́run fi ń gbà á, kì í ṣe ohun tí kò ní. Ẹ pinnu iye tí ẹ máa ná láti ilé, ẹ fi owó náà sínú àpòòwé, tó bá ti tán, ẹ jókòó.

Gbígbé e dé ilé. Èèyàn méjì ni kó lọ, kì í ṣe ẹnì kan, kì í sì í ṣe márùn-ún. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń kó owó ìrànwọ́ ránṣẹ́ sí Jerúsálẹ́mù, ó fi arákùnrin mìíràn ti Títù lẹ́yìn kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ẹ̀sùn kà sí wọn lẹ́sẹ̀. Ó wà ní orí 8 yẹn kan náà. Tí ẹ bá ti ju méjì lọ, gbogbo àdúgbò á yọjú. Ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi ń ra ọjà ni kí ẹ lò, kì í ṣe àpò tí orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì wà lára rẹ̀ gàdàgbà. Ìrọ̀lẹ́ dára. Ìwé kékeré tí ẹ ó kọ orúkọ àti iye sí ti tó fún ẹ̀rí. Ẹ má ya fọ́tò ẹnikẹ́ni tó ń gba ìrẹsì. Mátíù orí 6 kò fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó ń fọn fèrè bó ṣe ń ṣe àánú, fóònù wa sì ti di fèrè.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe pàtàkì ju ẹrù lọ níbẹ̀. "Ṣọ́ọ̀ṣì ní ká wá ràn yín lọ́wọ́" á bu èèyàn kù nínú ilé ara rẹ̀. "Ẹ bá wa jẹ nínú Ìkórè yìí o, mà" ni kí ẹ sọ. Òótọ́ ọ̀rọ̀ náà sì ni. Ní Nehemáyà 8:10, ọjọ́ àjọ̀dún ni wọ́n ní kí wọ́n fi ìpín ránṣẹ́ sí ẹni tí kò ní nǹkan kan nílẹ̀. Àjọ̀dún kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ. Tí ìyá náà bá bu omi fún yín, ẹ mu ún. Tó bá fi ọsàn méjì lé yín lọ́wọ́, ẹ gbà á, ẹ dúpẹ́, kí ẹ má sọ pé "ẹ fi sílẹ̀ fún ara yín". Tí ẹ bá kọ ọsàn yẹn, ẹ ti fi hàn án pé òun nìkan ni alágbe nínú ilé náà.

Òwe wa ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Òwe náà dára fún ẹni tó gbà. Kò dára lẹ́nu ẹni tó fúnni. Ẹni tó ń retí "ẹ ṣé àná o" ní iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ní Sáńdè tó tẹ̀ lé e ń fẹ́ kí ìyá náà kéde ebi ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọpẹ́ parí sí ilé: kí òun fúnra rẹ̀ gbàdúrà kí ẹ tó dìde, kí ẹ ṣe àmín, ó tán.

Ti ẹni tó ń ṣe é láti ilé tirẹ̀: ẹ ra ìwé kékeré kan. Lálẹ́ Sátidé, ẹ kọ oore kan péré sí i, ṣùgbọ́n kí ó ní orúkọ àti iye. "Mo dúpẹ́ fún ẹ̀mí" dára, àmọ́ kò tọ́ka síbì kankan. "Ara ọmọ yá, ọjọ́ mẹ́rin la lò ní ọsibítù" tọ́ka síbì kan: ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì tí kò tíì rí owó oògùn san. Bí àgbẹ̀ inú Diutarónómì 26 ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ó gbé agbọ̀n èso wá, ó ka ìtàn rẹ̀ láti Íjíbítì, ó sì bá ọmọ Léfì àti àlejò yọ̀ lórí ohun tó wà nílẹ̀. Ẹ fi irú oore tí ẹ gbà wá ẹni tó ń wá irú rẹ̀. Owó rẹ̀ ńkọ́? Ọjọ́ tí owó oṣù bá wọlé ni kí ẹ yà á sọ́tọ̀, torí tí ẹ bá ní ẹ ó fún un nínú èyí tó bá ṣẹ́kù, kò ní ṣẹ́kù.

Lẹ́yìn náà, ẹ padà lọ ní ọwọ́ òfo, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí wọ́n má bàa máa rò pé ẹrù nìkan ló ń gbé yín wá. Ẹ kàn kí wọn, ẹ jókòó, ẹ gba ìgò epo òfo padà bó bá wà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn Ìkórè lè bọ́ sí Jánúárì: owó ọdún ti tán, ilé-ìwé ti fẹ́ wọlé, owó oṣù sì jìnnà. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí ẹni tó ni kóńgò mẹ́fà yẹn.