Aṣọ Tí Kò Dúró Sójú Kan: Àwọn Obìnrin, Iṣẹ́ Ọnà Ara Aṣọ àti Ijó Òde Òní

Ní ọdún 1892, obìnrin oníjó kan tó ń jẹ́ Loie Fuller gbé ẹjọ́ lọ sí ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní ìlú New York. Ẹjọ́ náà kò lọ́jú pọ̀. Òun ló gbé ijó kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Serpentine Dance, obìnrin mìíràn tó ń jẹ́ Minnie Bemis sì ti ń jó o kiri láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Fuller ti kọ bí ijó náà ṣe ń lọ sílẹ̀, ó sì ti fi ìwé náà sílẹ̀ lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ, nítorí náà ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pé òfin yóò gbè é. Adájọ́ kò gbà fún un. Ó ní eré orí ìtàgé tó ní ìtàn nínú ni òfin ń dáàbò bò. Ijó tó jẹ́ pé ara obìnrin ló ń yí lọ́nà tó wuni, tí a wá fi aṣọ, ìmọ́lẹ̀ àti òjìji ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, láìpa ìtàn kankan, láìfi ìwà tàbí ìmọ̀lára ẹnikẹ́ni hàn, kì í ṣe irú eré bẹ́ẹ̀.

Ìdájọ́ yìí kì í kúrò lọ́kàn mi, nítorí pé adájọ́ náà ṣàpèjúwe iṣẹ́ Fuller dáadáa ju ọ̀pọ̀ àwọn tó yìn ín lọ. Ara tó ń yí, aṣọ, ìmọ́lẹ̀, òjìji: ohun tí obìnrin náà ṣe gan-an nìyẹn, kò sì sí ohun mìíràn tó yẹ kí a tún wá kún un. Èrò mi ni pé láàárín ọdún 1890 sí nǹkan bí 1930, àwọn obìnrin tó mú ohun tuntun wọ inú ìránṣọ, iṣẹ́ ọnà ara aṣọ àti ijó, iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe, bí a tilẹ̀ máa ń pín wọn sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ìwé ìtàn. Aṣọ tí kò tíì parí títí tí ara kan yóò fi máa rìn nínú rẹ̀ ni wọ́n ń dá. Bẹ́ẹ̀ ohun tó bá dúró sójú kan ni òfin, ilé ìtajà àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé mọ̀ ọ́n mú, ìdí sì nìyẹn tí orúkọ àwọn obìnrin wọ̀nyí fi máa ń bọ́ kúrò lára iṣẹ́ wọn.

Ẹ jẹ́ ká wo aṣọ Fuller fúnra rẹ̀. Aṣọ ṣẹ́dà fúléfúlé ni, ó gbòòrò débi pé bí ó bá dúró jẹ́ẹ́, ńṣe ni yóò dà sílẹ̀ yí i ká. Ó ki ọ̀pá gígùn méjì bọ inú aṣọ náà, ó sì dì wọ́n mú lábẹ́ rẹ̀, kí apá rẹ̀ lè gùn ju bí Ọlọ́run ṣe dá a lọ. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ju apá sókè tó sì ń yí, aṣọ yóò gbéra kúrò nílẹ̀, yóò di ìgbì, yóò di òdòdó, yóò di iná, obìnrin tó wà nínú rẹ̀ yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ó da iná aláwọ̀ oríṣiríṣi sí i láti ẹ̀gbẹ́, nígbà mìíràn láti abẹ́ gíláàsì tí wọ́n tẹ́ sí ilẹ̀ ìtàgé. Obìnrin yìí kì í ṣe pẹ́lẹ́ńgẹ́, kò sì kọ́ ijó bálẹ́ẹ̀tì níléèwé kankan. Ohun tó mọ̀ ni bí aṣọ ṣe ń gba afẹ́fẹ́ àti bí àwọ̀ ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀. Ní ọdún 1892 kan náà tí ó pàdánù ẹjọ́ rẹ̀ ló kọjá sí Paris, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó ní ilé eré Folies Bergère, òkìkí rẹ̀ sì kàn. Nígbà tí Paris ṣe ìpàtẹ àgbáyé ní 1900, ó ní ilé ìtàgé tirẹ̀ níbẹ̀.

Ohun tó wá pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé ní 1894, ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ ìhùmọ̀ (patent) lórí aṣọ oníjó rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọ̀pá inú rẹ̀. Òfin sọ fún un pé ijó rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n pé tirẹ̀ ni aṣọ tó fi ń jó o. (Ẹ̀yin tí ẹ máa ń rí fíìmù àtijọ́ tí wọ́n fi ọwọ́ kun ní àwọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí obìnrin kan ti ń yí aṣọ bí labalábá, ẹ má ṣe tètè gba àkọlé tó bá ní Loie Fuller ni. Èyí tí ilé iṣẹ́ Edison ṣe, Annabelle Whitford ló ń jó nínú rẹ̀. Nínú ti àwọn Lumière, àwọn ará Faransé tó ń ṣe fíìmù, kì í ṣe òun náà. Àwọn tó fara wé ijó rẹ̀ ni ojú wọn kù sínú fíìmù.)

Ó pẹ́ kí òfin tó ṣí ojú. Ní 1952, Hanya Holm, obìnrin tó ti Jámánì wá sí Amẹ́ríkà, gba ẹ̀tọ́ àdàkọ lórí ijó tó gbé kalẹ̀ fún eré Kiss Me, Kate, nítorí pé wọ́n ti fi àmì ìkọ̀wé Laban, ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń kọ ijó sílẹ̀, kọ ìgbésẹ̀ rẹ̀ sórí bébà. Òfin ọdún 1976 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dárúkọ ijó ní tààràtà. Àní lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tí Martha Graham, oníjó ará Amẹ́ríkà, kú ní 1991, àríyànjiyàn lórí ẹni tó ni àwọn ijó rẹ̀ dé ilé ẹjọ́, ìdájọ́ tó jáde ní 2002 sì sọ pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tó ń san owó oṣù fún un, bẹ́ẹ̀ ilé iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí tirẹ̀ ni.

Ní ti aṣọ, ìtàn Henriette Negrin ló máa ń dùn mí jù. Ní nǹkan bí 1907, aṣọ kan jáde láti Venice tí wọ́n ń pè ní Delphos: ṣẹ́dà tí wọ́n ká ní pílíìtì wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí aṣọ náà fi ń lẹ̀ mọ́ ara bí omi, tó sì ń ṣí bí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá gbé ẹsẹ̀. Wọ́n so ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì kéékèèké mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ó lè wúwo díẹ̀, kí ó sì rọ̀ sílẹ̀ dáadáa. Ẹni tó ni ín kì í lọ̀ ọ́, kì í sì í fi kọ́. Ńṣe ni wọ́n máa ń lọ́ ọ pọ̀ bí ẹni fún aṣọ, wọn a wá ká a sínú àpótí kékeré. Orúkọ ọkọ rẹ̀, Mariano Fortuny, ni ayé mọ̀ mọ́ aṣọ yìí, orúkọ rẹ̀ ló sì wà lórí ìwé ẹ̀tọ́ ìhùmọ̀ tí wọ́n gbà ní 1909. Ṣùgbọ́n Fortuny fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ kọ ọ́ sí ìwé náà pé Henriette ló hùmọ̀ rẹ̀, pé ìkánjú ló jẹ́ kí òun fi orúkọ ara òun gbà á. Ó ṣe dáadáa tó kọ ọ́. Ìbá sì ṣe dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ó bá dúró díẹ̀.

Ní àkókò yẹn, Isadora Duncan, oníjó ará Amẹ́ríkà, ti ń jó láìwọ bàtà, láìwọ kọ́sẹ́ẹ̀tì tó ń fún ikùn pọ̀, nínú aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ bíi ti àwọn ère Gíríìkì àtijọ́. Ó ti bá ẹgbẹ́ Fuller rìn fúngbà díẹ̀ ní 1902. Ìborùn rẹ̀ tó há sí táyà ọkọ̀ ní Nice ní 1927, tó sì gba ẹ̀mí rẹ̀, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rántí rẹ̀, èyí tí mo kà sí ìwà àìda. Ohun tó ṣe pàtàkì nípa rẹ̀ ni pé ó fi han àwọn aránṣọ bí ikùn àti èémí obìnrin ṣe rí nígbà tí a kò bá fún un mọ́lẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn tó gba ẹ̀kọ́ yẹn ni Madeleine Vionnet, òun sì ni mo fẹ́ dúró lé lórí jù. Wọ́n bí i ní 1876 ní Faransé, ó ti wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ ìránṣọ láti kékeré, ó sì ṣí ilé ìránṣọ tirẹ̀ ní Paris ní 1912. Àwọn ìyókù ń ya aṣọ sórí bébà kí wọ́n tó gé e. Vionnet kì í yà á. Ó ní ọmọlangidi onígi kan, ìdajì gíga ènìyàn lásán, orí rẹ̀ ló sì ti ń yí aṣọ ká, tó ń ki abẹ́rẹ́ sí i, tó ń tú u, tó tún ń yí i, títí aṣọ yóò fi sọ ibi tí òun fẹ́ wà.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó rí, kí ó mú aṣọ ìnujú kan tí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba. Kí ó fà á ní òró, kò ní nà. Kí ó fà á ní ìbú, kò ní nà. Kí ó wá di igun méjì tó dojú kọ ara wọn mú, kí ó fà wọ́n: aṣọ yẹn yóò gùn, àárín rẹ̀ yóò sún kì, bó bá sì tún tú u sílẹ̀, yóò padà sípò. Òwú inú aṣọ náà kò nà rárá. Àwọn ojú ihò kéékèèké tí òwú òró àti òwú ìbú pàdé láti ṣe ló yẹ̀ gẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn aránṣọ ti mọ èyí tipẹ́, wọ́n sì ń lò ó fún ọrùn aṣọ àti ìgbátí. Vionnet ló yí odindi aṣọ sí igun, tí obìnrin fi lè wọ ẹ̀wù tí kò ní bọ́tìnnì, tí kò ní egungun, kí ó gbà á láti orí, kí ẹ̀wù náà sì bá ìbàdí àti èjìká rẹ̀ mu nígbà tó bá rìn. Kò rọrùn o. Aṣọ tí a gé báyìí máa ń wálẹ̀ níbi tó bá wù ú, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ́ fún ìgbà díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dán ìṣẹ́tí rẹ̀ wò. Ó tún ń jẹ aṣọ púpọ̀, débi pé Vionnet ní láti bẹ̀ wẹ̀ kí wọ́n hun aṣọ tó fẹ̀ ju ti ọjà lọ fún un.

Àwọn adàkọ sì dé. Vionnet kò dúró de adájọ́ tí yóò bi í bóyá ẹ̀wù rẹ̀ ní ìtàn nínú. Ó ń ya fọ́tò ẹ̀wù kọ̀ọ̀kan níwájú, lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń tò wọ́n sínú ìwé pẹ̀lú nọ́ńbà, ó sì ń fi àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ àmì tí wọ́n ń rán mọ́ aṣọ. Nínú gbogbo ọgbọ́n tí mo ti kà nípa ìjà àwọn oníṣẹ́ ọnà pẹ̀lú adàkọ, n kò tíì rí èyí tó wù mí tó àtàǹpàkò yẹn: òfin kò mọ bí aṣọ ṣe ń jó, ṣùgbọ́n ó mọ ìtẹ̀ka.

Ní ti àwòrán ara aṣọ, Sonia Delaunay ni mo mú. Ukraine ni wọ́n ti bí i, Paris ló ti ṣiṣẹ́. Ní 1911 ó rán aṣọ ìbora fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin láti inú àkísà aláràbarà, ó sì rí i pé bí àwọ̀ méjì bá dúró ti ara wọn, ojú a máa sáré láàárín wọn. Ní 1913 ó rán ẹ̀wù kan fún ara rẹ̀ lórí ìlànà yẹn, ó wọ̀ ọ́ lọ sí gbọ̀ngàn ijó Bal Bullier, níbi tí wọ́n ti ń jó táńgò. Ibi tó wọ̀ ọ́ lọ yìí ló jẹ́ kí n mú un wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọ̀ tó dà bíi pé ó ń yí nígbà tó bá jókòó, ẹ wo bí yóò ti rí nígbà tí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá ń yí lóòótọ́. Ní 1918 ó ṣe aṣọ fún eré Cleopatra ti ẹgbẹ́ oníjó Diaghilev, ará Rọ́ṣíà. Ní 1923, oníṣòwò aṣọ kan ní Lyon ní kí ó ya 50 àwòrán fún òun. Àwọn ègé aṣọ láti ìgbà yẹn ni àwọn olùkó-aṣọ-àtijọ́-jọ ń wá kiri lónìí, tí wọ́n ń fi sínú férémù bí àwòrán ara ògiri. Mi ò bínú sí wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ó yà wọ́n fún nìyẹn. Louvre, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ní Paris, ṣe ìpàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní 1964, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún nígbà tó ṣì wà láàyè.

Ní nǹkan bí 1923, àwọn ayàwòrán obìnrin méjì ní Rọ́ṣíà, Lyubov Popova àti Varvara Stepanova, wọ ilé iṣẹ́ aṣọ ní Moscow láti ya àwòrán tí òṣìṣẹ́ lásán lè wọ̀. Stepanova tún ya aṣọ eré ìdárayá. Ní Jámánì, iléèwé iṣẹ́ ọnà Bauhaus ṣí ní 1919 pẹ̀lú ìlérí pé ọkùnrin àti obìnrin dọ́gba, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi ń darí àwọn obìnrin sí yàrá ìhunṣọ. Gunta Stölzl di olórí yàrá náà. Anni Albers kò fẹ́ ìhunṣọ níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ní 1930 ó hun aṣọ ògiri kan tí ojú rẹ̀ kan ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, tí èkejì ń gbé ohùn mì.

Ní ọdún 1930 yẹn náà ni Martha Graham jókòó sórí ìjókòó kékeré kan ní New York láti jó Lamentation. Orí ìjókòó náà ló ti jó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó wà nínú àpò aṣọ gígùn kan tó ń fà, aláwọ̀ àlùkò, tó bò ó láti orí dé kókósẹ̀, tó jẹ́ pé ojú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ nìkan ló hàn. Bó bá ti ìgúnpá síta, aṣọ yóò na ìlà gbọọrọ láti ibẹ̀ dé orúnkún òdìkejì. Bó bá tẹ̀ síwájú, gbogbo àpò náà yóò fún un mọ́lẹ̀. Kò pa ìtàn kankan: kò sẹ́ni tó kú lórí ìtàgé, kò sì sẹ́ni tó sunkún. Ohun tí Graham fi hàn ni bí ìbànújẹ́ ṣe máa ń ti ènìyàn mọ́ inú awọ ara rẹ̀, aṣọ ló sì ń ṣe ìdajì iṣẹ́ náà.

Bí a bá tẹ́ àpò yẹn sílẹ̀ nínú gíláàsì, aṣọ jẹ́sì tí wọ́n rán bí ọ̀pá oníhò ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ ìdí tí àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fi ń tẹ́ ẹ̀wù Vionnet sílẹ̀ pẹrẹsẹ nínú òkùnkùn, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ń jẹ ṣẹ́dà, ìwúwo ara ẹ̀wù náà sì ń fà á ya bí a bá fi kọ́. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni wọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ Martha Graham ṣì ń jó Lamentation títí di òní, nínú aṣọ tuntun tí wọ́n rán bíi ti àtijọ́, kò sì sí ohun tó bàjẹ́ nínú ijó náà nítorí pé aṣọ rẹ̀ jẹ́ tuntun. Kí àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ṣe bákan náà: kí wọ́n rán ẹ̀dà Delphos kan àti ẹ̀dà ẹ̀wù Vionnet kan, kí wọ́n fi í wọ ẹni tó mọ̀ ọ́n rìn, kí wọ́n ká fíìmù rẹ̀, kí wọ́n sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì náà pẹ̀lú orúkọ obìnrin tó hùmọ̀ rẹ̀.