Ṣé ó délé?

Ọ̀rọ̀ ọmọdé kan ò kúrò lọ́kàn mi láti àárọ̀. Kì í ṣe èmi ló ń bá sọ ọ́, àbúrò rẹ̀ ló ń bi: "Ẹni tó ń sá lọ yìí, ṣé ó délé?"

Kútọ̀, ní Abẹ́òkúta níbí, ni mo lọ ṣe fọ́tókọ́pì. Iná lọ, mo jókòó dè é. Àwọn ọmọ ìyá oníṣọ́ọ̀bù ń tú bébà mi wò, ni wọ́n bá kan ojú ewé ogun Dàhómì nínú ìwé àwòrán ìtàn Abẹ́òkúta tí mò ń yà fún àwọn ọmọdé, ojú ewé tí mo fi pẹ́ńsù tún yà lẹ́ẹ̀mẹta torí olóòtú ní kò pani lẹ́rìn-ín tó. Ọdún 1851, àwọn jagunjagun obìnrin Ọba Ghezo ti Dàhómì, ilẹ̀ tó wà ní Orílẹ̀-èdè Benin lónìí, ń sá kúrò lẹ́yìn odi Abẹ́òkúta. Mo jẹ́ kí fìlà ọ̀kan fò lọ, mo ya ẹnu rẹ̀ gbàgà, mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sókè bíi ti àkùkọ tí wọ́n ń lé. Àbúrò rẹ́rìn-ín títí ó fi di bẹ́ǹṣì mú. Ẹ̀gbọ́n ò rẹ́rìn-ín. Ó fi ìka tó fi ń jẹ àkàrà tẹ ẹsẹ̀ obìnrin náà, ó wá béèrè.

Ṣé ó délé?

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ò délé. Wọ́n pa wọ́n lẹ́yìn odi, wọ́n pa wọ́n lójú ọ̀nà, wọ́n mú àwọn mìíràn. Mi ò lè sọ ìyẹn fún ọmọ tó ń jẹ àkàrà.

Ṣùgbọ́n ta ló ní kí wọ́n wá? Wọ́n fẹ́ kó wa lẹ́rú ni! Ogun ti kọ́kọ́ tú ilé àwọn Ẹ̀gbá ká, wọ́n tẹ̀ lé Ṣódẹkẹ́, olórí wọn, wá sábẹ́ àpáta Olúmọ lọ́dún 1830, kò ju ọdún 21 lọ tí àwọn yìí tún fi dé. Ká ní odi yẹn wó ńkọ́? Wọ́n tún padà wá ní 1864. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Àmọ́ ìyá kan ti lè máa wo ọ̀nà...

Ojú ewé òkè àti odò ò dà mí láàmú báyìí. Olúmọ, ìyá àgbà tó na aṣọ bo àwọn ọmọ ni mo fi ṣe. Odò Ògùn, mo gbé ẹrù kà á lórí, ó ń kí àwọn ará Lafẹ́nwá bó ṣe ń kọjá lọ sí ọ̀sà Èkó. Odò ń délé ní tiẹ̀.

Mo ṣì gbà pé ọmọ tí ìtàn bá pa lẹ́rìn-ín ò ní gbàgbé ìtàn. Mo gbà á tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n èyí tó rẹ́rìn-ín lónìí ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Òjò rọ̀ nírọ̀lẹ́. Mo jẹ lafún. Olóòtú fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: kí n fi eyín kún ẹnu obìnrin náà.

Mo fi ìrésà pa ẹnu yẹn rẹ́, mo yà á ní pípadé. Mo wá fẹ́ fi íńkì tọ ẹsẹ̀ rẹ̀, òróró àkàrà ò jẹ́ kó mú. Íńkì ń ká jọ, ó ń sá fún ojú ibi tí ìka ọmọ náà tẹ̀. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì, mo gbé gègé sílẹ̀. Ẹsẹ̀ yẹn ò tíì kanlẹ̀.