Ẹ̀fọ́ Wo Ló Yẹ Kí N Fún Láyè Nínú Ọgbà Mi?

Nítorí pé ọgbà mi kò tóbi, ohun tí mo kọ́kọ́ ń wò ni ewébẹ̀ tí adùn rẹ̀ máa ń tètè dínkù lẹ́yìn tí a bá já a. Tòmátò tí ó pọ́n lórí igi dùn ju èyí tí wọ́n já láìtíì pọ́n lọ. Ẹ̀fọ́ tí a ń já ewé rẹ̀ léraléra, tí ó sì tún ń rú, wúlò fún mi ju kábéèjì lọ, èyí tí ó ń gba àyè fún nǹkan bí oṣù 3 kí a tó rí orí kan ṣoṣo ká. Àlùbọ́sà ṣeé tọ́jú fún ọ̀pọ̀ oṣù, nítorí náà mo máa ń rà á. Èyí tí ará ilé mi kò bá fẹ́ràn, n kò ní gbìn ín.