Mi ò ní gbàgbé 2023

Ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ yìí, Sọ́ńdè tó tún jẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn ọdún, pásítọ̀ ní kí oníkálukú gbé ọwọ́ sókè, kí ó ju 2023 sẹ́yìn, kí a má bojú wẹ̀yìn wò ó mọ́. Gbogbo ìjọ ń ju ọwọ́. Èmi náà gbé tèmi sókè, ṣùgbọ́n mi ò rí nǹkan kan jù. Ọdún náà fi ojú mi rí màbo, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo jẹ gbèsè nínú rẹ̀, àwọn kan sì ṣe mí lóore nínú rẹ̀. Bí mo bá gbàgbé, ta ni yóò bá mi rántí wọn?

Aránṣọ ni mí ní Mọ́níyà, n'Íbàdàn. Ní oṣù kìíní, aṣọ ẹbí ogójì obìnrin wà lọ́wọ́ mi nígbà tí owó pòórá nílùú. Wọ́n ní kí a kó 200, 500 àti 1,000 náírà àtijọ́ lọ sí báńkì, tuntun kò sì sí níta. Àwọn oníbàárà mi fẹ́ san, owó wà ní àkáǹtì wọn, ṣùgbọ́n ìyá tó ń ta òwú àti sípù fún mi ní ọjà Gbági kò gba tiransífà mọ́, torí èyí tó gbà lọ́sẹ̀ tó ṣáájú kò tíì wọlé. Ni mo bá ra owó. Mo fi 6,500 náírà ra 5,000 náírà lọ́wọ́ oní-POS. Ìgbà tí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi sọ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta pé owó àtijọ́ ṣeé ná títí di òpin ọdún, ìyàwó ti relé ọkọ. Ogún aṣọ péré ni mo rí rán.

Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, ọjọ́ tí wọ́n búra fún ààrẹ tuntun, la gbọ́ pé kò sí owó ìrànwọ́ lórí epo mọ́. Epo tí kò tó 200 náírà lítà kan tẹ́lẹ̀, kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí ó ti lé ní 500. Lítà mẹ́rin ni jẹnẹrétọ̀ kékeré mi ń mu lójúmọ́. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo owó iṣẹ́ ìró àti búbá kan. Mo gbé jẹnẹrétọ̀ tì, mo fa máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ tí ìyá mi rà fún mi nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́ jáde, mo sì ra áyọ́ọ̀nù ẹlẹ́èédú.

Áyọ́ọ̀nù yẹn ló dá mi lóró. Ẹni tó bá lò ó rí mọ̀ pé ìta la ti ń fẹ́ ẹ, a ó gbọn eérú rẹ̀ nù, a ó fi ìdí rẹ̀ nu ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kó tó kan aṣọ. Lọ́jọ́ náà, ní oṣù kẹjọ, mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi ṣe kíá. Kò dé ìdérí rẹ̀ dáadáa. Bó ṣe gbé e sórí léèsì funfun Alhája kan, ó ṣí, ẹ̀yinná kan tí kò ju ẹyọ ẹ̀wà lọ já bọ́ sí àyà búbá náà. Ọwọ́ lásán ni mo fi ṣà á. Ó ti jó o lu. Etí ihò náà sún kì bí ọ̀rá tó kan iná.

Ìgbéyàwó ọmọ Alhája ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo gbé aṣọ náà lọ bá a nílé, mo kúnlẹ̀. Ó ti ìka bọ ihò náà, ó ń yí i. Kò bú mi. Ó ní, “Ìwọ náà wò ó.” Ó bá wọlé lọ. Ì bá sàn kó gbá mi létí.

45,000 náírà ló ra yáàdì márùn-ún léèsì náà ní oṣù karùn-ún. Òkè òkun ni léèsì ti ń wá, Austria, Switzerland, China, dọ́là la sì fi ń rà á. Nígbà tí ìjọba jọ̀wọ́ náírà ní oṣù kẹfà, pé kí ọjà fúnra rẹ̀ máa dá iye rẹ̀, dọ́là tó wà ní nǹkan bí 470 fò kọjá 600 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ní Gbági, 78,000 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. Mo ti ta máṣíìnì tí mo fi ń di etí aṣọ kí n tó rí i san. Òru mẹ́ta ni mo fi rán òmíràn. Ó wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Títí di òní, bí mo bá kí i, ó ń jẹ́ mi, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ iṣẹ́ mi fẹ́ sá lọ. Mo wí fún ìyá rẹ̀ pé èmi ni mo kánjú, kì í ṣe ọmọ. Bàbá ẹlẹ́èédú ń ta àwìn fún mi láti ìgbà náà. Aránṣọ òdìkejì títì, tí a jọ ń du oníbàárà, tí mo rò pé kò fẹ́ràn mi, òun ló ń jẹ́ kí a wá di etí aṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Àwọn wọ̀nyí ni mi ò lè jù sẹ́yìn.

Ọdún tó ń bọ̀ á yabo fún wa o. Mò ń dá àjọ láti ra máṣíìnì mìíràn. Ní oṣù kejì, ọmọ iṣẹ́ mi yóò gba fírídọ́ọ̀mù. Kí iná máa dé déédéé, mò ń gbàdúrà sí i, ṣùgbọ́n mi ò gbé ìṣirò mi lé e.

Léèsì tó jó wà lọ́wọ́ mi. Mo gé ibi ihò náà kúrò, mo fi ìyókù rán ẹ̀wù ọmọ tuntun, mo fi ẹ̀là aṣọ rírọ̀ tẹ́ inú rẹ̀ kó má baà họ ọmọ lára. Mo gbọ́ pé ọmọ Alhája ti lóyún. Ẹ̀wù náà wà nínú ọ̀rá, mo ti fọ̀ ọ́, mo ti lọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá pè mí síbi ìsọmọlórúkọ o, bí wọn kò pè mí o, n ó gbé e lọ.