Pọ́ọ̀tù tó dákẹ́ ló ń da àwòṣe rú

Àwòṣe, ìyẹn ẹ̀rọ tí a fi kọ̀ǹpútà ṣe àfarawé rẹ̀, kì í ṣe wàhálà ńlá bó bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Sọ́fúwíà á kígbe, á fi pupa kun ibi tó ń dùn ún, ẹ ó sì lọ tún un ṣe. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ tó sì ń pọ nọ́ńbà irọ́ síta ni ká bẹ̀rù, ẹnu pọ́ọ̀tù, ibi tí dátà ń gbà wọ búlọ́ọ̀kù tàbí jáde, sì ni irọ́ náà sábà máa ń gbà wọlé.

Ẹ jẹ́ ká fi Simulink, sọ́fúwíà tí wọ́n fi ń so búlọ́ọ̀kù pọ̀ di àwòṣe, ṣe àpẹẹrẹ. Bí ẹ bá tẹ Inport (búlọ́ọ̀kù pọ́ọ̀tù ìwọlé) lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ó rí Port dimensions (iye nọ́ńbà tó ń gba ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan) àti Sample time (àkókò láàrin nọ́ńbà kan sí èkejì) tí wọ́n jẹ́ -1, àti Data type (irú nọ́ńbà) tó jẹ́ Inherit: auto. Ohun tí ìyẹn ń sọ ni pé ohunkóhun tí wáyà bá gbé wá ni pọ́ọ̀tù á jogún. Nínú subsystem kékeré (apá àwòṣe tí a kó sínú búlọ́ọ̀kù kan), kò burú, torí ẹ lè fẹ́ lo subsystem kan náà ní ibi púpọ̀. Ní òkè àwòṣe pátápátá, tàbí lẹ́nu àwòṣe tí ẹlòmíì máa wá lò, ẹ má gbà fún un. Ẹ kọ 1 sí dimensions bó bá jẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo, double (nọ́ńbà onídẹ́símà) sí Data type, 0.01 sí Sample time, N*m sí Unit. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá so nọ́ńbà mẹ́ta pọ̀ mọ́ ọn, ẹ tẹ Ctrl+D láti yẹ àwòṣe wò, àṣìṣe á ti jáde kí àwòṣe tó rìn ẹsẹ̀ kan.

Minimum àti Maximum, ààlà iye tó kéré jù àti tó pọ̀ jù, wà níbẹ̀ náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn á kọ 0 àti 100 síbẹ̀, ọkàn wọn á balẹ̀. Kò sí ohun tó ń ṣọ́ ààlà yẹn bí àwòṣe ṣe ń rìn, àyàfi tí ẹ bá wọ Diagnostics nínú ètò àwòṣe, lábẹ́ Data Validity, kí ẹ yí Simulation range checking kúrò ní none sí warning tàbí error. None ló máa ń wà látilẹ̀.

Nọ́ńbà pọ́ọ̀tù ló tún burú jù, nítorí kì í pariwo. Ká ní pọ́ọ̀tù 1 ni agbára ìyípo, 2 ni ooru, ẹ sì ń gbé dátà wọlé gẹ́gẹ́ bíi mátíríìsì [t u1 u2]: t ni àkókò, u1 àti u2 ni dátà pọ́ọ̀tù 1 àti 2. Ẹnì kan pa pọ́ọ̀tù 1 rẹ́. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ooru á di 1. Ó rí àṣìṣe rẹ̀, ó fi Inport tuntun síbẹ̀, ó sọ ọ́ ní orúkọ àtijọ́: ti tuntun gba nọ́ńbà tó kẹ́yìn, ìyẹn 2. Iye òpó dátà ṣì pé, double ni méjèèjì, sọ́fúwíà ò rí nǹkan kan wí. Láti ìgbà yẹn, ooru ń wọlé bí agbára ìyípo, ẹ ó kàn rí ẹ́ńjìnnì tó ń sáré bíi wèrè. Ọ̀nà tó yá jù láti mọ̀ ni kí ẹ fi 1, 2, 3 tí kò yí padà ránṣẹ́ sí pọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá fi Scope, búlọ́ọ̀kù tó ń ya àwòrán sígínà, wo ohun tó dé ibi kọ̀ọ̀kan nínú. Root Inport Mapper, irinṣẹ́ inú Simulink, náà wà. Ó lè fi orúkọ búlọ́ọ̀kù so dátà mọ́ pọ́ọ̀tù dípò nọ́ńbà.

Bí pọ́ọ̀tù méjì bá ń sáré ní ìwọ̀n àkókò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, Rate Transition, búlọ́ọ̀kù tó ń so ìwọ̀n àkókò méjì pọ̀, ló yẹ kó wà láàrin wọn. Bí ìjáde bá sì yí padà wá bọ́ sí ìwọlé ara rẹ̀ láìsí ìdádúró kankan, algebraic loop nìyẹn. Unit Delay, búlọ́ọ̀kù tó ń dá sígínà dúró fún ìgbésẹ̀ kan, máa ń tú u, àmọ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́: ìdádúró 0.01 ìṣẹ́jú-àáyá máa ń fa sígínà 10 Hz sẹ́yìn ní ìwọ̀n 36° nínú 360° ìyípo rẹ̀ kan. Ìyẹn tó láti mú kí ẹ̀rọ ìdarí tó ti dúró dáadáa bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Pọ́ọ̀tù tó ń so ẹ̀yà ẹ̀rọ pọ̀ nínú Simscape (apá Simulink fún iná, omi àti ẹ̀rọ gidi) àti Modelica (èdè tí wọ́n fi ń kọ irú àwòṣe bẹ́ẹ̀) yàtọ̀ pátápátá, wọn ò ní ìwọlé àti ìjáde. Nǹkan méjì ló ń gbé ibẹ̀ pọ̀: èyí tó gbọ́dọ̀ dọ́gba níbi gbogbo tí wáyà so, bíi fóltéèjì, àti èyí tí àpapọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 0, bíi kọ́rẹ́ǹtì. Ní Modelica, ohun tó ń wọ inú búlọ́ọ̀kù ni wọ́n ń pè ní rere, nítorí náà kọ́rẹ́ǹtì ní ẹsẹ̀ rere bátìrì tó ń fún mọ́tò lágbára á jẹ́ odi. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Ẹni tó bá fi àmì odi míì sí i láti "tún un ṣe" ló bà á jẹ́.

Láti Simulink bọ́ sí Simscape, Simulink-PS Converter ni afárá, ẹyọ ìwọ̀n inú rẹ̀ sì ni ká ṣọ́ra fún. Ẹ kọ degC (ìyẹn °C), ẹ fi 20 ránṣẹ́ bí ooru omi, ẹ gbàgbé láti mú Apply affine conversion: 20 K (kẹ́lífìnì) ni omi yín máa jẹ́, ìyẹn bíi -253 °C. Bí ẹ bá mú un, 293.15 K ló máa wọlé. Ẹ má sì gbàgbé búlọ́ọ̀kù Solver Configuration (ètò ìṣirò) kan fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan, àti Electrical Reference (ilẹ̀ iná) bó bá jẹ́ ti iná.

Ní ti FMU (fáìlì àwòṣe tí sọ́fúwíà míì lè lò, lábẹ́ ìlànà tí wọ́n ń pè ní FMI), ẹ ṣí modelDescription.xml inú rẹ̀ kí ẹ tó so ohunkóhun, kí ẹ ka causality oníyípadà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn bóyá ìwọlé ni tàbí ìjáde. FMI 2.0 ò mọ véktọ̀, nọ́ńbà ẹyọ-ẹyọ ló mọ̀, 3.0 ló gba àkójọ. Ìwọlé tí ẹ kò bá so mọ́ nǹkan kan á dúró sórí iye start tó wà nínú fáìlì náà títí àwòṣe á fi parí, FMU kì í sì í bèèrè lọ́wọ́ yín bóyá ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni.