Ọgbẹ́ tí ìdààmú ọkàn kò jẹ́ kó tètè jinná

Ìrònú ní í dorí àgbà kodò, ṣùgbọ́n kì í ṣe orí nìkan ló ń bá jà. Ní ọdún 1995, Janice Kiecolt-Glaser, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣesí ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ohio, ní Amẹ́ríkà, ṣe àyẹ̀wò obìnrin 13 tí wọ́n ń tọ́jú ìbátan wọn tí àrùn ìgbàgbé ń bá fínra, pẹ̀lú 13 mìíràn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra ṣùgbọ́n tí wọn kò ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Wọ́n dá ọgbẹ́ kékeré, mìlímítà 3.5 péré, sí ara olúkúlùkù, wọ́n sì ń kán hydrogen peroxide, oògùn olómi tó máa ń hó lójú ọgbẹ́ tí kò tíì jinná, sí i. Bí kò bá hó mọ́, ó ti jinná nìyẹn. Ọgbẹ́ àwọn olùtọ́jú fi nǹkan bí ọjọ́ 9 pẹ́ ju ti àwọn yòókù lọ.

Kò sí ọ̀rọ̀ awo níbẹ̀. Bí ìdààmú bá pẹ́ lọ́kàn ènìyàn, èròjà kọ́tísọ́ọ̀lù tí ara ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ a máa dín agbára àwọn ọmọ ogun ara kù, àwọn tí ó yẹ kí wọ́n sáré lọ fọ ojú ọgbẹ́ mọ́ kí ẹran tuntun lè hù. (Àìsùn náà ń dá kún un.) Ní tèmi, kò yẹ kí nọ́ọ̀sì tó ń di ọgbẹ́ fún aláìsàn ka bíbéèrè ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn sí àṣejù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá tìtorí èyí pa oògùn tì ń tan ara rẹ̀ ni.